Lọ́fínńdà Tí Mo Fẹ́ Rà fún Màámi

Inú ṣì ń bí mi sí ọmọbìnrin tó ń ta lọ́fínńdà ní Lágere yẹn, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ti lé lọ́dún kan.

Ẹja ni màámi ń yan tà ní Ìlódè láti kékeré mi. Wọ́n fẹ́ búra fún ọmọ mi wọ iṣẹ́ dókítà lọ́jọ́ Sátidé, màámi sì ti ń ka ọjọ́. Wọ́n ti rán aṣọ, wọ́n ti ra bàtà. Èmi ni mo ní ó ku lọ́fínńdà, ojúlówó olówó ńlá, mo bá mú wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ọmọbìnrin náà gbé ìgò méjì sílẹ̀. Ó fín wọn sára páálí pẹlẹbẹ, ó nà án sí èmi nímú, ó fo màámi dá. Mo ní àwọn ni mò ń rà á fún. Ó wá ń pariwo sí wọn bíi pé etí wọn di. Ẹni tó ń fi imú nìkan mọ ẹja tó ti bàjẹ́ kí wọ́n tó tú páálí rẹ̀!

Àkọ́kọ́ ń ta sánsán bí ìgbà tí igi ọsàn bá tanná. Èkejì le, ó ń háni lọ́fun. Màámi gbé àkọ́kọ́ símú, wọ́n pajú dé. Wọ́n ní, "Èyí dáa."

Ọmọbìnrin náà gbà á lọ́wọ́ wọn. "Ìyẹn ò lè ṣiṣẹ́ fún yín, mà. Èkejì ló máa bo èéfín yẹn."

Ara mi gbóná. Mo sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i débi pé àwọn tó ń kọjá dúró. Mo ní ṣé bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ nílé wọn nìyẹn.

Kò janpata. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú. Ẹ̀yin náà lẹ pè mí lánàá pé kí n wá èyí tó lè bo èéfín ẹja sílẹ̀."

Mo pè é lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ní kó sọ ọ́ síta?

Màámi ò wojú mi. Wọ́n fa èkejì sọ́dọ̀ mi. "Rà á. Imú rẹ ló ń dà ọ́ láàmú, kì í ṣe ara mi. Fín in sára ara rẹ, o ò ní gbóòórùn mi mọ́."

Ní Sátidé, àga ẹ̀gbẹ́ mi ṣófo. Ọmọ mi bi mí pé màmá àgbà dà. Mo ní ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n.