Sàfúrátù Fẹ́ Forí Kanlẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi Sàfúrátù kì í ṣe wọ̀bìà o. Èyí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, nítorí mo mọ ẹnu àwọn ará Kambolé ìlú wa dáadáa. Nígbà tó ń sanra, àwọn ló ń yìn ín pé, "Ẹ wo ara Sàfúrátù, ilé ọkọ gbè é!" Nígbà tó wá ní òun fẹ́ fọn díẹ̀, àwọn kan náà ló ní ayé ti ń ṣe é. Èmi Àmínátù, àbúrò rẹ̀, tí mo ń ránṣọ ní Tchamba, mo ti bá ènìyàn mẹ́rin jà lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì ṣe tán láti bá ẹ̀karùn-ún jà.

Sokodé ló ń gbé, ní àdúgbò Komah, nílé Alhaji Bìlálì ọkọ rẹ̀, pẹ̀lú Jàríátù orogún rẹ̀. Ọmọ Kambolé ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láràárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi máa ń ta ẹ̀kọ mímu àti àkàrà lẹ́nu ọ̀nà ilé. Yóò jókòó sórí àpótí láti ìdájí títí oòrùn yóò fi mú. Yóò tọ́ ẹ̀kọ wò, yóò bu ṣúgà sí i, yóò tún un tọ́ wò. Bó bá tà á tán, sẹ́mìjàn ni yóò gbé e lọ sọ́jà lórí alùpùpù, bẹ́ẹ̀ ọjà ọ̀hún kò jìnnà. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni kílò ń gorí kílò. A fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá gbá ọ mọ́ra, o ò ní fẹ́ kó tú ọ sílẹ̀.

Orúnkún ló kọ́kọ́ kọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó forí kanlẹ̀ nínú ìrun alaasari, kò sì lè dìde mọ́. Jàríátù àti ọmọ méjì ló fà á nílẹ̀. Alfa ládùúgbò ní kò burú, pé ẹ̀sìn ò ni ènìyàn lára, ẹni tí kò bá lè forí kanlẹ̀, kó jókòó kírun. Ó ra àga rọ́bà kan, ó ń kírun lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ló ti ń ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́rí bí àkókò ìrun bá ti tó.

Èmi nìkan ló sọ fún. Ó wá kí mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi, omi sì lé sí i lójú.

"Àmínátù, ó ti tó ọdún kan tí iwájú orí mi ti kan ilẹ̀ gbẹ̀yìn. Mò ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ láti orí àga bí ẹni pé ẹgbẹ́ Rẹ̀ ni mí. Mi ò sọ pé kí n di ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ o. Ìforíkanlẹ̀ mi ni mo fẹ́ gbà padà. Mi ò fẹ́ kú sórí àga."

Mo fẹ́ bú u pé kó má sọ̀rọ̀ ikú mọ́, ṣùgbọ́n ẹkún ni mo sun.

Ọ̀nà tó kọ́kọ́ gbà, ẹ bá mi gbọ́. Ramadan parí lọ́dún náà, ó rí i pé òun fi kílò mẹ́ta fọn. Ó wá rò ó pé bí oṣù kan bá lè ṣe báyìí, oṣù mẹ́ta ńkọ́? Ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́fà tó tẹ̀ lé ọdún. Ó gba àwọn tó ti jẹ ní gbèsè láti ìgbà ọmọge. Ó gba ti Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè. Nígbà tó yá, ó ń gbà á lójoojúmọ́, omi àti dàbínù mẹ́ta péré ló sì fi ń ṣínu. Kílò mẹ́sàn-án lọ láàárín oṣù méjì. Gbogbo Komah ń pè é ní olùfọkànsìn. Àfi ọjọ́ tó dákú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ẹ̀kọ gbígbóná, díẹ̀ péré ló kù kí ó ti ìkòkò náà dànù sára. Alfa wá kí i, ó sì bi í jẹ́jẹ́ pé, "Sàfúrátù, ta lò ń gba ààwẹ̀ yìí fún?" Ọjọ́ náà ló dá ààwẹ̀ dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun padà, ebi oṣù méjì sì gbẹ̀san. Kílò mẹ́sàn-án tó lọ padà dé, ó mú mẹ́ta mìíràn lọ́wọ́ wá.

Ilé ìwòsàn kékeré kan ló wá lọ. Nọ́ọ̀sì tó bá níbẹ̀ ń jẹ́ Ádámù, ọmọ ẹ̀yà Tem tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀ nítorí pé ọ̀dọ̀ wa ní Kambolé ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ ṣiṣẹ́. Ó yẹ orúnkún rẹ̀ wò, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó wọ̀n ọ́n. Kílò márùndínlọ́gọ́fà.

"Tantie, àǹtí mi," ni Ádámù wí, "ẹ má sọ ohun tẹ́ ẹ lè ṣe fún oṣù kan fún mi. Kí lẹ lè máa ṣe títí ẹ ó fi di arúgbó, tí kò ní ni yín lára? Ìyẹn nìkan ni kẹ́ ẹ mú. Doucement, díẹ̀díẹ̀. Bí kílò kan bá lọ lóṣù, ó pọ̀. Bí kò bá lọ, tí kò sì lé, kò burú náà."

Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ ṣáájú ẹ̀: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi mú nǹkan mẹ́ta. Yóò máa fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà. Kò ní tọ́ ẹ̀kọ wò mọ́. Ẹ̀kẹta ni pé yóò máa wọn oúnjẹ ara rẹ̀ sí àwo tirẹ̀, kó lè mọ ibi tó ń jẹ ẹ́ dé. Ẹ̀kẹta yìí ló fẹ́ tú ilé ká.

Ṣé ẹ rí i, àwo kan náà ni òun àti Jàríátù jọ ń jẹun láti ọjọ́ tí Jàríátù ti wọlé, ọdún méjìdínlógún gbáko. Alhaji Bìlálì a máa fi yangàn láàárín ọkùnrin. Nínú àwo ńlá bẹ́ẹ̀, ta ló mọ ìwọ̀n tó jẹ? Ọwọ́ ń lọ, ọwọ́ ń bọ̀, ọ̀rọ̀ dídùn ń gbé òkèlè mì. Lóòótọ́, ó yẹ kéèyàn ronú sí i. Ṣùgbọ́n ní ọ̀dọ̀ wa, bí orogún bá dìde lọ́jọ́ kan tó yọ ọwọ́ nínú àwo àjọjẹ, kò nílò kó sọ̀rọ̀ kankan. Ohun tó ń sọ ni pé, "Mi ò fọkàn tán ọwọ́ rẹ."

Ẹ̀gbọ́n mi mọ èyí láti kékeré, ó sì gbàgbé rẹ̀ pátá. Ó lọ sọ́jà, ó ra àwo kékeré kan, àwo ọ̀hún sì ní ìdérí. Ìdérí yẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Lójú tirẹ̀, eṣinṣin lòun ń dé e mọ́. Ojú wo ni ẹ fẹ́ kí Jàríátù tó se ọbẹ̀ fi wò ó?

Lọ́jọ́ kẹta, Jàríátù kúnlẹ̀. "Ìyálé mi, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

"Rárá o, ìyàwó mi. Ó kàn wù mí bẹ́ẹ̀ ni."

Ó kàn wù ú! Ọ̀rọ̀ orúnkún àti àga ń tì í lójú, ni kò bá ṣàlàyé kankan. Àwọn aládùúgbò gbọ́ pé orogún méjì ò jẹ àjọjẹ mọ́, ahọ́n wọn kò sì sinmi. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, Jàríátù di ẹrù, ó gba Kambolé lọ bá bàbá rẹ̀.

Alhaji pè mí lórí fóònù. "Àmínátù, ẹ̀gbọ́n rẹ ti fi abọ́ tú ilé mi ká."

Sàfúrátù wọ mọ́tò wá bá mi ní Tchamba. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, a gba sẹ́mìjàn méjì, ó di ọ̀nà Kambolé. Nínú eruku yẹn ni mo ti ń pariwo mọ́ ọn láti orí alùpùpù tèmi. "Ẹ ò rí àwo tí kò nídèérí rà ni? Àbí ẹnu yín náà ti ní ìdérí bíi tàwo yẹn?" Mo rí i pé ó ń sunkún, mo sì dákẹ́. Ó ń dùn mí títí di òní pé mo pariwo mọ́ ọn lọ́jọ́ náà.

Àkókò tí iṣu ń jáde ni. A bá Bàbá Àkànó, bàbá Jàríátù, lábẹ́ igi máńgòrò tó wà láàárín agbo ilé, òkìtì iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò bi wá ní ìbéèrè kan. Ó ní kí wọ́n gún iyán. Wọ́n gbé e wá nínú àwo fífẹ̀ kan ṣoṣo, ọbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì pe Jàríátù jáde.

"Ẹ jẹun ná," ni bàbá wí. "Ẹni tébi ń pa kì í parí ìjà."

Jàríátù jókòó, ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò nawọ́. Ẹ̀gbọ́n mi fọ ọwọ́. Ó nawọ́ kọjá iwájú ara rẹ̀, ó gé òkèlè ní iwájú Jàríátù gan-an, ó tì í bọ ọbẹ̀, ó gbé e mì. Ó tún gé òmíràn níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu.

"Ìyàwó mi, orúnkún mi ni. Mi ò lè forí kanlẹ̀ mọ́. Orí àga ni mo ti ń kírun, ìdí tí mo fi ń tilẹ̀kùn nìyẹn. Wọ́n ní kí n dín oúnjẹ kù. Ojú ló tì mí, mi ò fura sí ọ láéláé."

Jàríátù yíjú sí i. "Ẹ̀yin rò pé mi ò mọ̀ ni? Ta ló fà yín dìde lọ́jọ́ yẹn? Ta ló ń nu eruku àga yẹn láràárọ̀ kẹ́ ẹ tó jí?"

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ orí ba, Jàríátù sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Mo mọ̀ pé orí rẹ̀ lẹ ń kírun. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ẹ fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ẹ ní ẹnu, ẹ̀yin náà." Ó ń sunkún, ó sì ń bínú. Ó wá fi ìka fa ilà la iyán náà, kò fà á sí àárín rárá. "Apá kékeré yìí ni tiyín. Ẹ ò gbọ́dọ̀ kọjá ilà yìí. Ọbẹ̀ ewé nìkan lẹ lè jẹ bó ṣe wù yín. Bẹ́ ẹ bá sì tún fi ìdérí bo oúnjẹ tí mo bá sè, mi ò ní padà wá láéláé."

Bàbá Àkànó bú sẹ́rìn-ín, àwa náà bá a rẹ́rìn-ín, a sì ń nu ojú. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì jọ padà sí Sokodé.

Láti ìgbà náà, Jàríátù ló ń fa ilà. Ó ń fà á lórí iyán, ó ń fà á lórí tùwó, lórí ìrẹsì pàápàá. Ilá àti ewé kúka pọ̀ sí i nínú ọbẹ̀, òróró dín kù. Òun ló ń tọ́ ẹ̀kọ wò fún un láàárọ̀. Bí oòrùn bá rọ̀, wọ́n á jọ rìn yí Komah ká títí dé ẹ̀yìn mọ́sálásí. Wọ́n ń ṣòfófó ní gbogbo ọ̀nà, ẹsẹ̀ kì í sì í dun ẹni tó bá ń ṣòfófó.

Oṣù kìíní, kílò kankan kò lọ. Oṣù kejì, ọ̀kan lọ. Ọdún Iléyá dé, ẹran pọ̀, kò sẹ́ni tó rántí fa ilà fún ọjọ́ mẹ́ta, kílò méjì padà wá. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi yóò tún fi ebi jẹ ara rẹ̀ níyà. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, Jàríátù fa ilà, ó jẹun ní apá tirẹ̀, ó dìde, ó wọ bàtà, ó ní kí wọ́n máa lọ. Ọjọ́ yẹn ni mo gbà pé ó ti mú ọ̀nà tí yóò lè rìn pẹ́.

Ọdún méjì kọjá báyìí, kílò mẹ́rìndínlógún ti lọ. Ẹ má rò pé ó di igi ìgbálẹ̀ o. Ó tóbi síbẹ̀, bó bá gbá ọ mọ́ra, o ò ní fẹ́ kó tú ọ sílẹ̀.

Ní ọyẹ́ tó kọjá, mo lọ kí wọn ní Komah. Mo bá Jàríátù nídìí ààrò, ó fìka sẹ́nu pé kí n má sọ̀rọ̀. Ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀gbọ́n mi ṣí sílẹ̀ gbayawu. Alaasari ló ń kí, lórí ẹní. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tilẹ̀, ó sọ orúnkún kan kalẹ̀, ó sọ èkejì kalẹ̀, díẹ̀díẹ̀, iwájú orí rẹ̀ sì kan ilẹ̀.

Kò dìde. A dúró, a dúró, kò dìde. Jàríátù di apá mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára. "Ṣé kò lè dìde ni?" A sáré dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ìgbà náà la tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ń tọrọ àdúà níbẹ̀, lórí ilẹ̀, ó ń dárúkọ wa fún Ọlọ́run lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ti pẹ́ tó ti ń kó wọn jọ.

Orúkọ Jàríátù ló kọ́kọ́ dá. Èmi ọmọ ìyá rẹ̀, ìkarùn-ún ni mo ṣe, lẹ́yìn àwọn ọmọ. Ó dùn mí díẹ̀, n kò ní purọ́. Mo wá wo Jàríátù tó ń fi ìbòrí nu omi ojú, mo sì mọ̀ pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.