Epo Tí A Rọ Sí Bíńgò Lẹ́nu

Òórùn epo pupa tó ń yá lórí iná ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà ní Warri. Mo rò pé àkàrà ni ìyá mi fẹ́ dín. Ìgbà tí mo jáde ni mo bá a lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tó gbé orí Bíńgò, ajá wa, lé itan, tó ń fi ife rọ epo sí i lẹ́nu.

Mùsùlùmí ni wá, láti ìhà Ọ̀yọ́. Bí itọ́ ajá bá kàn wá, a ní láti wẹ̀ ẹ́ kúrò ká tó kírun. Ṣùgbọ́n bí owó epo rọ̀bì ṣe ń kó èèyàn wọ ìlú, bẹ́ẹ̀ ni olè náà ń bá wọn wọ̀ ọ́, ni bàbá mi bá gba ajá láti máa ṣọ́ aṣọ tí ìyá mi ń tà lọ́jà. Ìyá mi kì í fọwọ́ kan Bíńgò rárá. Nígbà tí mo rí orí ajá lórí itan rẹ̀, ẹ̀rù bà mí.

Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí Bíńgò kò jẹun mọ́. Ohun tó bá mu, á pọ̀ ọ́. Ikùn rẹ̀ le gbandi, bí a bá fọwọ́ kàn án, á ké. Lójú ìyá mi, májèlé ni, epo ló sì ń pa májèlé. Ta ló fún un? Kò pẹ́ sígbà náà tí Bíńgò pa adìyẹ Màmá Ẹfẹ, obìnrin Urhobo tí ògiri kan ṣoṣo là wá láàárín. Ọwọ́ obìnrin yìí ni mo ti ń jẹ ọbẹ̀ ẹyìn. Òun ló máa ń mú mi lọ sí ilé rẹ̀ ní Orhuwhorun, ìlú rẹ̀ tí kò jìnnà sí Warri, lọ́jọ́ tí a kò bá lọ sílé ìwé.

“Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà,” ni ìyá mi wí, ó sì wí i sókè kí obìnrin náà lè gbọ́ láti òdìkejì ògiri.

Màmá Ẹfẹ jáde, ó gbé ọwọ́ láyà. “Mama Risi, I no give your dog anything. God dey see me.”

Ìyá mi tún bu epo sínú ife. Kí oòrùn tó mú, Bíńgò ti kú.

Láti ọjọ́ náà, àwọn òbí mi kò jẹ́ kí n gba oúnjẹ lọ́wọ́ Màmá Ẹfẹ mọ́. Bó bá kí ìyá mi, ìyá mi á wo ibòmíràn. Nígbà tó yá, Màmá Ẹfẹ kó ẹrù rẹ̀ padà sí Orhuwhorun, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ó dùn mí, ó sì ń dùn mí di òní.

Dókítà ẹranko ni mí báyìí, n'Íbàdàn. Láìpẹ́ yìí, wọ́n gbé ajá kan wá tí ikùn rẹ̀ le, tó ń bì. Olówó rẹ̀ ní aládùúgbò òun ló fún un ní májèlé, òun sì ti rọ epo sí i lẹ́nu. Mo fá irun ikùn rẹ̀, mo gbé ẹ̀rọ síkáànì lé e. Omi ti kún inú ìfun, nǹkan kan há síbẹ̀ tó ń tàn lójú ẹ̀rọ, òjìji dúdú sì wà lẹ́yìn rẹ̀, àmì pé ohun líle ni. Nígbà tí a là á, ṣùkù àgbàdo ni. Ajá náà yè.

N kò lè búra pé ohun tó pa Bíńgò nìyẹn. Ṣùgbọ́n àsìkò àgbàdo ni nígbà náà, gbogbo ilé wa ló sì ń ju ṣùkù sí àgbàlá. Mo pe ìyá mi lórí fóònù, mo sọ ọ́ fún un. Ó ní kí n tún un sọ, ó wá bi mí pé:

“Rísì, níbo ni Màmá Ẹfẹ wà báyìí? Mo fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́.”

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí ẹ bá di ojú mi, n ó rìn dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Lónìí mo lè rí ohun tó wà nínú ikùn ajá láìfi ọ̀bẹ kàn án, síbẹ̀ n kò mọ ibi tí mo máa ní kí ìyá mi gbà.