Sítóòfù Tí Ó Pa Wá Lẹ́kún

Nígbà tí a kó dé Bódìjà, àwọn ilé ibẹ̀ ṣì ń rùn fún ọ̀dà. Akọ̀wé ìjọba ni ọkọ mi, ó sì gbà pé ẹni tí ó bá ń gbé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ máa fi igi dáná. Ó ra sítóòfù oníná mànàmáná kan ní Dúgbẹ̀, tí orí rẹ̀ jẹ́ irin tí kì í dípẹtà, tó ń dán bíi dígí. Bí epo bá ta sí i, a dà bí ẹni pé agbádá ọkọ mi ni mo ta epo sí. Nítorí náà, orí ààrò ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń se ọbẹ̀, sítóòfù a sì wà nínú ilé bí àlejò pàtàkì.

Omi ọṣẹ díẹ̀ àti àkísà rírọ̀ ni mo fi ń nù ún. Bí ìlà ara irin náà bá ṣe lọ ni mo ń nù ún sí, lẹ́yìn náà n ó fi aṣọ gbígbẹ nu omi rẹ̀ kúrò. Ọkọ mi ní ìyẹn kò tó.

Ní Sátidé kan, àlùfáà ìjọ wa ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá wo ilé tuntun wa. Ọkọ mi ká apá ẹ̀wù sókè. Ó kọ́kọ́ pa iná sítóòfù náà lára ògiri, ìyẹn nìkan ni ọgbọ́n tí ó lò lọ́jọ́ náà. Ó da bílíìṣì tí mo fi ń fọ aṣọ funfun sínú abọ́, ó sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e. Mo sọ fún un pé wọ́n kọ ọ́ sára ìgò pé kí a má ṣe pò ó mọ́ nǹkan mìíràn. Ó ní ẹni tó kọ ọ́ kò mọ ọsàn wẹ́wẹ́.

Kò tíì nù ún jìnnà tí òórùn burúkú kan fi gba ilé kan. Ojú ń ta wá, ọ̀fun ń há wa. A ṣí fèrèsé, a sá síta. Ìyá tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa sáré wá wo ohun tó dé. Ó yọjú lẹ́nu ọ̀nà, omijé bọ́ lójú òun náà.

Bẹ́ẹ̀ ni àlùfáà ṣe bá àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójúde. Ó ṣí fìlà, ó di ọkọ mi lápá mú.

“Ẹ mọ́kàn le,” ni ó wí.

Ọkọ mi fẹ́ fèsì, ikọ́ kò jẹ́. Àlùfáà rò pé ẹkún ni, ó bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Àdúrà náà gùn. Nígbà tí ó kan ẹni tó lọ sílé ìsinmi, aládùúgbò wa ṣe àmín, ó sì yára bá tirẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn àdúrà, àlùfáà rọra béèrè pé, “Ta ni?”

Ọkọ mi wo ilẹ̀. “Sítóòfù ni, sà.”

Àlùfáà dé fìlà rẹ̀ padà.

Nígbà tí òórùn náà ti lọ tán, mo fi omi púpọ̀ ṣan orí sítóòfù. Ó ti ní àmì dúdú dúdú bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀nná fi sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń dáná lórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ mí lọ́wọ́ wò.

Ṣùgbọ́n aládùúgbò wa ti tan ìròyìn kálẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí a ti ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń kí wa kú ará fẹ́ra kù. Ọkọ mi ń tẹríba, ó ń dúpẹ́. Ẹnì kan tilẹ̀ gbé mọ́ínmọ́ín wá sílé. Mo ní kí a dá a padà, kí a sọ òtítọ́. Ọkọ mi ní ìwà àfojúdi ni kéèyàn kọ oúnjẹ ọ̀fọ̀, ó sì ní kí n bá òun bu omi ìfọwọ́ wá.