Adìyẹ Tí Ìyá Mi Pa Fún Àwọn Oníwèé

Lánàá, aládùúgbò mi ní Àkúrẹ́ níbí da omi gbígbóná sórí adìyẹ, òórùn ìyẹ́ tútù náà sì gbé mi padà sí Bọ́lọ́rundúró, nígbà tí mo wà ní kékeré.

Àwọn mẹ́ta kan dé bá wa lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú bírò àti ìwé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ bí ilé kọ̀ọ̀kan ṣe ń jẹ àti bó ṣe ń mu. Ìyá mi sáré yá àga nílé kejì. Adìyẹ kan ṣoṣo tí a ní ń sàba lọ́wọ́. Ó gbé e kúrò lórí ẹyin, ó pa á fún àlejò.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń jẹun lójúmọ́, Mọ́mì?" Obìnrin tó ń kọ̀wé ló bi í léèrè.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà mìíràn, ẹ̀ẹ̀mẹrin."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, torí gààrí àná ni mo jẹ kẹ́yìn. Ìyá mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹran ńkọ́?"

"Ṣebí òun lẹ ń jẹ yìí!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé àwọn tí ebi ń pa ni wọ́n ń wá kiri, kí wọ́n lè fún wọn ní ohun ọ̀sìn.

Bí ọkọ̀ wọn ṣe lọ tán, ìyá mi fún mi ní egungun tó kù nínú àwo wọn.

"Ọmọ mi, ṣé wọ́n fura pé a ò ní?"

"Rárá o, Màmá."

Ó mí kanlẹ̀. "Ọlọ́run ṣé o. A ò tẹ́."