Òwú Pupa Inú Agbọ̀n Yèyé

Nígbà tí mo ṣì kéré débi tí àlàfo àárín òfì àti ògiri gbà mí, ọ̀dọ̀ ìyá bàbá mi ní Ìkọ̀lé ni mo ti máa ń lo ìsinmi ilé ìwé. Yèyé là ń pè é. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti ń hun kíjìpá. Bó bá ń fi apasà gbá òwú mọ́ra, gbì, gbì, oorun á gbé mi lọ, á sì tún dá mi padà.

Iṣẹ́ tèmi ni títú aṣọ. Yèyé máa ń ra súẹ́tà òkìrìkà àti ṣáàlì pupa lọ́jà, torí ó ní osùn kì í mú òwú pọ́n tó bẹ́ẹ̀. Èmi á jókòó lórí ẹní, màá máa tú u, màá máa ká a mọ́ igi. Ó máa ń rùn bíi káńfọ̀. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà á rántí òórùn yẹn.

Lọ́dún tí àbúrò bàbá mi, Àǹtí Bùnmi, fẹ́ lọ sílé ọkọ, Yèyé ń hun aṣọ tí Àǹtí máa ró lọ́jọ́ ìdána. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, iṣẹ́ kò tíì dé ìdajì. Ọ̀sán ọjọ́ kan, Yèyé lọ já ilá lóko. Mo rí aṣọ pupa gbígbó kan nínú agbọ̀n lẹ́bàá òfì, mo ṣe bí ọ̀kan nínú ṣáàlì náà ni. Kí Yèyé tó dé, mo ti tú u kọjá ìdajì.

Aṣọ ìyá Yèyé ni. Ọnà ara rẹ̀, tó dà bíi wàláà, pátákó tí àwọn ọmọ ilé kéú fi ń kọ̀wé, ni Yèyé ń wò hun ti Àǹtí.

Yèyé dé bá mi níbẹ̀. Ó ní kí n kúnlẹ̀, kí n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Àǹtí Bùnmi dé, ó yẹ agbọ̀n wò.

"Ìyá ìyá mi lo tú palẹ̀ yìí o. Ṣé ìhòòhò ni kí n bọ́ síwájú àwọn àna mi?" Ó ń wá ẹgba kiri.

Yèyé ń fi ìka yí òwú náà. "Má nà án, Bùnmi. Títú ni ìyá mi náà tú òwú yìí, lára aṣọ òkèèrè tí àwọn Tápà gbé wá tà. Ara aṣọ Tápà ló ti wo wàláà yẹn. Kò sì kírun rí láyé rẹ̀." Ó yíjú sí mi. "Dìde, ká a mọ́ igi, kó má baà lọ́."

Òwú yẹn ló fi parí aṣọ náà, ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìdána. Àwọn wàláà tó hun látinú ìrántí wọ́ díẹ̀. Àǹtí ró o bẹ́ẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ sí i.

N kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé bí Yèyé ti wí ló rí. Ní yunifásítì, mo rí ìwé tó sọ ohun tó jọ ọ́. N kò rí èyí tó mọ ìyá Yèyé.

Nísinsìnyí, adìẹ ló ń sùn lórí òfì náà. Lóṣù tó kọjá, mo rí aṣọ kan lọ́jà Ìdó tí ilé iṣẹ́ òkèèrè tẹ wàláà sí lára. Ìyá tó ń tà á ní, "Tiwa-n-tiwa ni, ọmọ mi." N kò bá a jiyàn, mo ra yáàdì méjì. Nígbà tí mo délé, mo fi èékánná fa òwú kan létí rẹ̀. Funfun ló jáde, pupa kàn tò tó-tò-tó sí i lára. Kò sí ohun tí ọmọ kan lè tú níbẹ̀, kó ká a mọ́ igi.