Wàrà Tó Yọ Mí Kúrò Nínú Fọ́tò

Ọjọ́ tí ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ àṣà wa parí ní Ìlọrin ni n kò lè gbàgbé, nítorí wọ́n ya fọ́tò ìdágbére láìsí mi, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé gbogbo wa pé.

A kò ní iṣẹ́ kankan lọ́jọ́ náà. A kàn ń gbafẹ́ kiri ọjà Ìpàtà, à ń jẹ wàrà díndín. Nígbà tí a ń padà sínú bọ́ọ̀sì wa, èmi ni mo gbẹ́yìn. Kọlápọ̀, olórí ẹgbẹ́ wa, yọrí lójú fèrèsé bọ́ọ̀sì, ó ké sí mi: "Wàrà, wàrà!" Mo rò pé ó tún fẹ́ jẹ ni, mo bá padà sọ́dọ̀ ìyá oníwàrà.

"Subhanallahi, ọmọ mi," ìyá náà ń rẹ́rìn-ín, "ó ní kí o yára ni. Wọ́n mà ti lọ."

Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ bá wọn ní Tanke, níbi tí a dé sí. Wọ́n ti ya fọ́tò tán.

"Ìgbín, káàbọ̀," ni Kọlápọ̀ wí, ọwọ́ rẹ̀ ti wà nínú wàrà tí mo rà bọ̀.

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì bá wọn jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n n kò tíì gbà pé gbogbo wa pé. Méjìlá ni wá. Orí mọ́kànlá ló wà nínú fọ́tò. Kọlápọ̀, ìwọ lo kà wá tí o ní a pé: orí ta lo kà lẹ́ẹ̀mejì?