Àárọ̀ Tí Mo Gbé Bàtà Bọ́ọ̀lù Bàbá Mi Pamọ́

Òórùn ìpara ló máa ń jí mi ní Padova, ìlú kan ní Ítálì. Kí ìyá mi tó gbé kọfí kaná, òórùn náà á ti gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, á máa ta mí nímú bí ata inú epo gbígbóná. Bàbá mi ni wọ́n jókòó sétí ibùsùn tí wọ́n ń fi ra orúnkún ọ̀tún. Wọ́n á ra á, wọ́n á ká a, wọ́n á nà án, á sì dún bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ. Wọ́n á wá ké sí mi láti ibẹ̀ pé, "Mọ́rẹ́nikẹ́, kò dùn mí mọ́ o." Irọ́ ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà náà, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni.

Àwọn òbí bàbá mi ló kúrò ní Ìsẹ́yìn lọ sí Antwerp, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí bàbá mi sí. Ọmọ Belgium ni wọ́n nínú ìwé. Yorùbá wọn ní ohùn Flemish, èdè àwọn ará ibẹ̀, nínú, débi pé ìyá mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá ń kíni, ó dà bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù: iṣẹ́ tiwọn ni kí ẹni tó ń sáré bọ̀ má ráyè kọjá. Ẹgbẹ́ ńlá kan ní Ítálì rà wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì kéré, gbogbo ẹbí sì dúpẹ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa ni pé ẹgbẹ́ náà ò ní lò wọ́n. Yíyá ni wọ́n ń yá wọn fún àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké, ọdún kan níhìn-ín, oṣù mẹ́fà lọ́hùn-ún. Prestito ni wọ́n ń pè é. Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè omi lọ́wọ́ olùkọ́.

Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ dàgbà níbí bíi tèmi, ẹ mọ bí ó ṣe máa ń rí láti jẹ́ àjèjì lẹ́ẹ̀kan. Èmi ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin. Láti Padova, a lọ sí Bergamo. Láti Bergamo, a lọ sí Modena, níbi tí òórùn ilé iṣẹ́ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ti mú kí ìyá mi, Mùsùlùmí òdodo, máa ti fèrèsé pa látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ní ìlú kọ̀ọ̀kan, àwọn òbí mi á tún lọ tò sórí ìlà ní comune, ilé ìjọba ìbílẹ̀, nítorí residenza, ìwé ẹ̀rí ibùgbé, èmi náà á sì tún dúró níwájú kíláàsì tí olùkọ́ á máa wo orúkọ mi bí ẹni tó rí ejò. Kò sí èyí tí kò pè mí ní Morena níkẹyìn. Bí a bá ti ń di ẹrù sínú páálí, ìyá mi á bẹ̀rẹ̀: "Ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣo ni, rẹ́gí-rẹ́gí ni ohun ẹni ń bá ni mu." Bàbá mi á ní, "Ìgbà ìkẹyìn nìyí." Ìgbà ìkẹyìn mẹ́ta ni mo ti gbọ́ kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Torino ni ara ti wá tù mí. A ń gbé nítòsí ọjà ńlá, òórùn ewé míńtì àti ẹja tútù sì máa ń bá mi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Olùkọ́ tó gbà mí níbẹ̀ jẹ́ obìnrin àgbà kan tó ga, tó sì le. Lọ́jọ́ kìíní, ó kọ orúkọ mi sójú pátákó, ó yíjú sí mi, ó ní kí n kọ́ òun. Gbogbo kíláàsì pè é tẹ̀lé mi títí ó fi dáa. Mo délé, mo sọ fún ìyá mi ní èdè Ítálì pé èmi ò kúrò níbí mọ́. Wọ́n kàn rẹ́rìn-ín.

Ní ọdún kejì tí a ti wà níbẹ̀, àdéhùn bàbá mi parí, ẹgbẹ́ kan ní ẹ̀bá Bologna sì pè wọ́n pé kí wọ́n wá gbá bọ́ọ̀lù kí àwọn wò wọ́n. Wọ́n ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nígbà yẹn. Ìyá mi ní, "Bàbá Mọ́rẹ́nikẹ́, orúnkún yìí ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ ẹ̀ gbọ́ ni?" Bàbá mi ní ìgbà ìkẹyìn nìyí. Mo sọ pé, "Io non ci vengo!" pé èmi ò bá wọn lọ. Bàbá mi kó bàtà bọ́ọ̀lù wọn sínú àpò.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bàbá mi gbé àpò sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wọ ilé ìwẹ̀ lọ. Mo yọ bàtà bọ́ọ̀lù inú rẹ̀, mo kì í sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, mo fi aṣọ ibùsùn bò ó. Mo wá kó ìwé ìṣirò mi méjèèjì sínú àpò kó má bàa fúyẹ́. Bàbá mi jáde, wọ́n fẹnu kò mí lórí, wọ́n gbé ìwé ìṣirò lọ bá ọkọ̀ ojú irin.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n padà dé, wọ́n ń tiro. Bàtà ẹlòmíì tó fún wọn lẹ́sẹ̀ ni wọ́n yá gbá bọ́ọ̀lù náà. Èékánná ọmọńdinrín ẹsẹ̀ wọn ti dúdú. "Wọ́n ní àwọn á pè mí." Wọ́n gbé ìwé méjèèjì sórí tábìlì mi, wọ́n tò wọ́n dáadáa, wọ́n jáde nínú yàrá. Ẹgbẹ́ náà ò pè. Kò tún sí ẹgbẹ́ tó pè mọ́. Bàbá mi gba iṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ bàtà lójú mi. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ká ní wọ́n nà mí ni, ì bá sàn. Mo kàn ń dàgbà lọ pẹ̀lú èrò pé èmi ni mo fòpin sí iṣẹ́ bàbá mi.

Lọ́dún tó kọjá ni mo tó bẹ bàbá mi. A ń ṣa ẹ̀wà nínú kíṣìnì wọn, ìyá mi ò sí nílé. Ọ̀rọ̀ náà ò tíì tán lẹ́nu mi tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín.

"Ibùdókọ̀ ojú irin ni mo ti ṣí àpò yẹn. Ọkọ̀ ò tíì gbéra. Ilé ò jìnnà, mo lè sáré padà."

"Kí ló dé tí ẹ ò padà?"

"Ó ti rẹ̀ mí, Mọ́rẹ́nikẹ́. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ fún màmá rẹ pé mo fẹ́ jáwọ́."

Ìyá mi tó jẹ́ pé gbogbo àdúrà wọn ni kí bàbá mi jókòó sójú kan! Mo ti àwo ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní, "Ẹ wá jẹ́ kí n máa ru ẹ̀bi náà kiri fún ogún ọdún ó lé?" Wọ́n ní àwọn rò pé mo ti gbàgbé. Inú bí mi débi pé èdè Ítálì ni mo fi parí ọ̀rọ̀ mi, wọ́n sì ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ.

Mo ti di ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Torino náà ni mo ṣì wà, mo ń kọ́ni ní kẹ́mísìrì. Ilé ìwé kan ní Verona kọ̀wé sí mi pé kí n wá ṣe olórí ẹ̀ka kẹ́mísìrì wọn. Ìyá mi ní kí n lọ. Bàbá mi ní kí n ṣe bó bá ṣe wù mí, ìdáhùn tí kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ìjọ́sí, ìwọ̀nba ìgbà tí àgbàlagbà fi ń wẹ̀ ló fi mọ ohun tó fẹ́, ó sì ṣe é, bó tilẹ̀ burú. Èmi ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́tà wọn wà lórí fìríìjì, mi ò tíì dá wọn lóhùn.